Òróró Ólífì fún Búrẹ́dì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Òróró ólífì tí a ó dà sórí búrẹ́dì kò ní ibi tí yóò sá pamọ́ sí. Kò sí iná tí yóò bo àbùkù rẹ̀, kò sí ata tàbí àlùbọ́sà tí yóò gba iwájú rẹ̀. Bí ó bá ṣe rí nínú ìgò gan-an ni ẹnu yóò ṣe bá a pàdé. Nítorí èyí, yíyàn rẹ̀ àti ìtọ́jú rẹ̀ gba ìfarabalẹ̀ ju ti òróró tí a fẹ́ fi dín nǹkan lọ. Àwọn ìdáhùn tí ó tẹ̀ lé e yìí wà fún ẹni tí ó fẹ́ mọ ohun tí ó yẹ kí ó wò kí ó tó sanwó, àti ohun tí ó yẹ kí ó ṣe nígbà tí ìgò bá ti délé.

Irú òróró ólífì wo ni ó dára jù fún jíjẹ pẹ̀lú búrẹ́dì?

Èyí tí wọ́n kọ extra virgin sí lára ni. Èso ni ólífì, omi inú èso náà sì ni òróró yìí: wọ́n á lọ èso náà kúnná, wọ́n á pò ó, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ ya òróró kúrò lára omi àti èérún rẹ̀, láìlo kẹ́míkà kankan. Gbogbo ìtasánsán ewé, koríko àti èso tútù tí a ń wá nínú òróró tí kò ní rí iná ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn irú mìíràn wúlò fún dídín, ṣùgbọ́n orí búrẹ́dì kọ́ ni ààyè wọn.

Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin extra virgin àti àwọn òróró ólífì yòókù?

Òfin ni ó pààlà sí wọn. Àjọ Àgbáyé fún Ólífì, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Madrid ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti là á sílẹ̀ pé kí òróró tó lè jẹ́ extra virgin, ásíìdì inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju gírámù 0.8 nínú gírámù 100 lọ, kò gbọ́dọ̀ ní àbùkù kankan nínú òórùn tàbí ìtọ́wò, ó sì gbọ́dọ̀ máa ta sánsán èso ólífì. Inú yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n ti ń wọn ti àkọ́kọ́. Ènìyàn ni ó ń ṣe ìdájọ́ ìyókù. Atọ́wò 8 sí 12 tí wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ náà yanjú ni yóò jókòó, oníkálùkù ní àyè tirẹ̀, tí wọn yóò gbóòórùn òróró kan náà nínú ife aláwọ̀ tí kì í jẹ́ kí ojú rí àwọ̀ òróró, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́ dé bíi 28°C kí òórùn rẹ̀ lè jáde dáadáa.

Èyí tí wọ́n ń pè ní virgin lásán jẹ́ òróró tí wọ́n fún lọ́nà kan náà, ṣùgbọ́n ásíìdì rẹ̀ lè dé gírámù 2 nínú 100, àbùkù díẹ̀ sì lè wà lára rẹ̀. Èyí tí ó bá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ kò yẹ fún jíjẹ bí ó ṣe wà. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń fi tan fìtílà láyé àtijọ́. Lóde òní, ilé-iṣẹ́ máa ń fi ooru àti kẹ́míkà tún un ṣe títí tí kò fi ní òórùn, àwọ̀ tàbí adùn kankan mọ́, wọ́n á wá bu òróró virgin díẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á sì kọ olive oil lásán tàbí pure sí i lára. Ọ̀rọ̀ yìí, pure, ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà, nítorí wọ́n rò pé òun ni ó mọ́ jù lọ, bẹ́ẹ̀ òróró tí wọ́n ti bọ́ adùn kúrò lára rẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú ìgò náà. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni pomace oil wà, èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà yọ láti inú ìyókù èso tí wọ́n ti fún òróró inú rẹ̀ tán.

Ó yẹ kí a mọ̀ pé ahọ́n kò lè tọ́ ásíìdì tí à ń sọ yìí wò. Ohun tí ó ń fi hàn ni bí wọ́n ṣe tọ́jú èso náà: ṣé wọ́n ká a lórí igi ni àbí wọ́n ṣà á nílẹ̀, ṣé kòkòrò ti jẹ ẹ́, ṣé wọ́n kó o jọ sínú àpò fún ọjọ́ púpọ̀ tí ara rẹ̀ fi gbóná kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Àwọn tí iṣẹ́ yìí jẹ lógún kì í jẹ́ kí èso sùn mọ́jú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ó tó wọ ẹ̀rọ. Bí ẹ bá rí 0.2 tàbí 0.3 lára ìgò, àmì rere ni, ṣùgbọ́n kò sọ bí òróró náà yóò ṣe dùn tó.

Kí ni kí n kọ́kọ́ wò lára ìgò nígbà tí mo bá fẹ́ rà á?

Ọjọ́ ìkórè. Bí ohun kan ṣoṣo ni ẹ máa mú nínú gbogbo ìdáhùn wọ̀nyí, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ èyí. Òróró ólífì kì í dára sí i bí ó ti ń pẹ́ sí i; ọjọ́ tí wọ́n fún un ni ó dára jù, láti ọjọ́ náà ni adùn rẹ̀ sì ti ń fà sẹ́yìn, ìbáà ṣe kíákíá tàbí díẹ̀díẹ̀, ní ìbámu pẹ̀lú bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀. Ní apá àríwá ayé, bíi Sípéènì, Ítálì, Gíríìsì, Pọ́túgà, Tùníṣíà àti Mòrókò, oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ìkórè sábà máa ń bọ́ sí. Ní apá gúúsù, bíi Ṣílè, Ajẹntínà, Ọsirélíà àti Gúúsù Áfíríkà, nǹkan bí oṣù kẹrin sí oṣù keje ni. Ẹni tí ó bá mọ èyí lè máa ra òróró tuntun lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: kí ó ra ti àríwá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí ó sì yí sí ti gúúsù nígbà tí ọdún bá ti kọjá ìdajì.

Ọjọ́ tí wọ́n ní kí a má jẹ ẹ́ kọjá, èyí tí ó wà lára gbogbo ìgò, kò lè rọ́pò ọjọ́ ìkórè. Oṣù 18 sí 24 lẹ́yìn tí wọ́n rọ òróró sínú ìgò ni wọ́n sábà máa ń fi sí i, òróró náà sì lè ti wà nínú àgbá fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó rọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ yìí nìkan ni ẹ rí, ẹ mú ìgò tí ọjọ́ rẹ̀ ṣì jìnnà jù lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ ìkórè, ẹ wo ibi tí òróró náà ti wá. Ìgò tí ó dárúkọ oko, ìlú tàbí ilé ìfún-òróró kan pàtó, tí ó sì dárúkọ irú èso tí wọ́n lò, ní ẹni tí ó fi orúkọ rẹ̀ dúró fún un. Ìgò tí ó kàn sọ pé òun jẹ́ àdàlù òróró láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ lè má burú, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a lè dì mú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìgò náà fúnra rẹ̀ ní tirẹ̀ láti sọ. Ìgò dúdú tàbí agolo ni kí ẹ mú, kí ẹ fi ìgò funfun tí ó mọ́ gaara sílẹ̀, bí ó ti wù kí òróró inú rẹ̀ lẹ́wà tó. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìgò funfun nìkan ni wọ́n ní, ẹ nawọ́ sí ẹ̀yìn pẹpẹ, kí ẹ mú èyí tí iná ilé ìtajà kò tíì máa tàn sí lára láti ọjọ́ yìí wá.

Wọ́n kọ cold pressed tàbí cold extraction sí i lára. Kí ni ó jẹ́?

Ìtumọ̀ rẹ̀ lábẹ́ òfin Yúróòpù ni pé ooru kò ju 27°C lọ nígbà tí wọ́n ń yọ òróró náà. Bí ooru bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, òróró tí yóò jáde á pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìtasánsán rẹ̀ á dínkù. Ẹ̀rọ tí ń yí bírí ni ó ń ya òróró sọ́tọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi nísinsìnyí, nítorí náà cold extraction ni ó bá ohun tí ń ṣẹlẹ̀ mu. First cold pressing wà fún ibi tí wọ́n ṣì ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀ fún un. Gbólóhùn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe torí rẹ̀ gbójú fo ọjọ́ ìkórè.

Òróró tí mo rà korò, ó sì ń ta mí lọ́fun débi pé mo wúkọ́. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Rárá o. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé òróró tí ó dára jù lọ tí ẹ tíì rà rí nìyẹn. Nígbà tí àwọn atọ́wò bá ń ṣe ìdájọ́, ohun mẹ́ta ni wọ́n ń kà sí iyì fún òróró: ìtasánsán èso, ìkorò, àti títa rẹ̀ lọ́nà ọ̀fun. Ìkorò àti títa wọ̀nyí wá láti ara àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní polyphenol, èyí tí ó pọ̀ nínú èso tí wọ́n ká nígbà tí ó ṣì tutù, tí wọ́n sì fún kíákíá.

Ní ọdún 2005, Gary Beauchamp, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Monell Chemical Senses Center ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature lórí èròjà kan nínú òróró ólífì tuntun tí wọ́n pè ní oleocanthal. Wọ́n ṣàlàyé pé èròjà yìí ni ó ń ta ọ̀fun, àti pé ọ̀nà tí ó gbà ń ṣiṣẹ́ jọ ti oògùn ibuprofen, èyí tí òun náà máa ń ta ọ̀fun ẹni tí ó bá pọ́n ọn lá. Kì í ṣe pé òróró ti di oògùn o. Ìwọ̀nba tí ènìyàn ń jẹ pẹ̀lú búrẹ́dì kò tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a mú níbẹ̀ ni pé títa náà ní ìdí, àti pé òróró tí kò ta rárá, tí kò sì korò rárá, lè ti pàdánù nǹkan púpọ̀.

Àwọn èròjà kan náà yìí ni ó ń dáàbò bo òróró kí ó má tètè darúgbó. Òróró tí ó korò lónìí ni yóò ṣì dùn ní oṣù mẹ́wàá òní. Òróró jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni ẹ gbọ́dọ̀ tètè jẹ tán. Òfin Yúróòpù kò tilẹ̀ gba ẹnikẹ́ni láàyè láti kọ ọ́ sára ìgò pé polyphenol inú òróró òun ń ṣe ara lóore, àfi bí mílígírámù 5 ó kéré tán nínú hydroxytyrosol, ọ̀kan lára àwọn polyphenol yìí, àti àwọn ìbátan rẹ̀ bá wà nínú gírámù 20 òróró náà.

Ẹ má sì kánjú pa á tì. Ìkorò tí ó dà bíi pé ó le nígbà tí ẹ tọ́ ọ wò lásán máa ń rọlẹ̀ púpọ̀ tí ó bá ti bá búrẹ́dì àti iyọ̀ pàdé.

Báwo ni mo ṣe lè tọ́ òróró wò fúnra mi nílé?

Ẹ da ṣíbí ńlá kan sínú ife kékeré. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan gbé ìdí ife náà, kí ẹ fi èkejì bò ó lórí, kí ẹ máa yí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan títí tí ife náà yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ ṣí i, kí ẹ sì ti imú bọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí èémí àkọ́kọ́ ni ó máa ń sọ òótọ́ jù. Koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ewé tòmátò, ápù tútù, álímọ́ńdì: èyíkéyìí nínú òórùn wọ̀nyí jẹ́ ohun rere. Lẹ́yìn èyí, ẹ mu díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó tàn ká orí ahọ́n, ẹ fa afẹ́fẹ́ díẹ̀ wọlé láàrin eyín, kí ẹ sì gbé e mì. Ìkorò á fara hàn ní ẹ̀yìn ahọ́n. Títa kì í yá bẹ́ẹ̀, ó máa ń tó ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí ó tó dé ọ̀fun.

Àbùkù náà ní òórùn tiwọn. Òróró tí èso rẹ̀ ti gbóná nínú àpò kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ máa ń rùn bí ohun tí a rẹ sómi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Èyí tí èso rẹ̀ ti bu máa ń ní òórùn yàrá tí a ti pa dé fún ìgbà pípẹ́. Òmíràn ń rùn bí ọtí kíkan. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú ilé ni òórùn ọjọ́ ogbó: bí ẹ̀pà tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ tàbí bí ìda àbẹ́là, tí yóò sì fi ọ̀rá kan tí kò dùn sílẹ̀ lára òkè ẹnu. Ẹni tí ó bá ti fi òróró tuntun àti ti àtijọ́ wéra lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé ìyàtọ̀ wọn mọ́, nítorí náà mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi èyí tí ó ṣẹ́kù nínú ìgò yín wé tuntun ní ọjọ́ tí ẹ bá rà á.

Ṣé òróró tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé ni ó dára jù?

Àwọ̀ kò sọ nǹkan kan nípa bí òróró ṣe dára tó. Irú èso, bí ó ti pọ́n tó àti ọjọ́ tí wọ́n ká a ni ó ń pinnu àwọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ife aláwọ̀ pa á mọ́ fún àwọn atọ́wò.

Irú èso wo ni ó bá búrẹ́dì mu jù?

Ó kù sí ọwọ́ búrẹ́dì náà àti ẹnu tí yóò jẹ ẹ́. Bí búrẹ́dì bá le lẹ́yìn, tí a sì yan án lórí iná títí tí etí rẹ̀ fi pọ́n, ó lè gbé òróró tí ó lágbára. Picual, tí ó pọ̀ jọjọ ní agbègbè Jaén ní gúúsù Sípéènì, wà nínú irú bẹ́ẹ̀: ó ní òórùn ewé tòmátò, ó korò dáadáa, ó sì máa ń pẹ́ nínú ìgò láìyí padà. Coratina ti Puglia ní Ítálì tún le jù ú lọ, èmi a sì máa fi í sí búrẹ́dì yíyan nìkan. Koroneiki ti Gíríìsì, tí èso rẹ̀ kéré gan-an, kò le tó Coratina; ó ní òórùn koríko àti títa tí ó mọ níwọ̀n.

Búrẹ́dì rírọ̀ tí a kò yan ń fẹ́ òróró tí yóò bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Arbequina, tí ó wá láti Catalonia ní Sípéènì, ní adùn èso àti álímọ́ńdì, kò sì korò púpọ̀. Taggiasca ti Liguria ní Ítálì àti Chemlali ti Tùníṣíà náà jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́. Ẹni tí kò tíì mọ́ lára láti jẹ òróró ólífì ní tútù lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn wọ̀nyí. Kí ó sáà rántí pé Arbequina kì í pẹ́ tó Picual, kí ó má rà á pamọ́ lọ títí.

Àkókò tí wọ́n ká èso tún ń yí nǹkan padà ju bí a ti rò lọ. Irú èso kan náà, tí wọ́n bá ká a nígbà tí ó ṣì tutù, òróró rẹ̀ á mọ níwọ̀n, á korò, á sì ta sánsán. Tí wọ́n bá jẹ́ kí ó dúdú lórí igi, òróró á pọ̀, adùn rẹ̀ á sì rọ̀. Bí ìgò bá sọ pé early harvest, ohun tí ó ń sọ nìyí, ìdí sì nìyí tí owó rẹ̀ fi máa ń ga.

Òróró kan rí bíi pé ó dàrú, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ṣé kí n rà á?

Òróró tí wọn kò sẹ́ ni. Ó lè dùn gan-an ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n omi àti èérún èso tí ó wà nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kan tí ó bá pẹ́, yóò sì kó òórùn burúkú bá gbogbo ìgò. Ẹ rà á bí ó bá jẹ́ tuntun, tí ẹ ó sì tètè jẹ ẹ́ tán. Fún ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́, èyí tí wọ́n ti sẹ́ ni mo fara mọ́.

Ṣé èyí tí wọ́n kọ light sí lára kì í jẹ́ kí ènìyàn sanra?

Ọ̀rá inú rẹ̀ pé pérépéré bíi ti àwọn yòókù: nǹkan bí kálórì 120 nínú ṣíbí ńlá kan. Àwọ̀ àti adùn ni ó fúyẹ́, nítorí òróró tí ilé-iṣẹ́ ti tún ṣe ni.

Báwo ni mo ṣe lè yẹra fún ayédèrú?

Ẹ ra èyí tí ó ní èdìdì. Ní Yúróòpù, òróró tí wọ́n ń tà fún aráàlú kò gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tí ó ju lítà 5 lọ, èdìdì ẹnu rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò ṣeé dí padà lẹ́yìn tí a bá ti ṣí i. Ìdí wà tí èdìdì fi ṣe pàtàkì. Ní ọdún 1981, ní Sípéènì, àwọn kan gbé òróró irúgbìn rapeseed tí wọ́n ti fi kẹ́míkà sí fún lílò ilé-iṣẹ́ nìkan, wọ́n sì tà á fún aráàlú nínú kẹ́ẹ̀gì tí kò ní àkọlé gẹ́gẹ́ bí òróró ólífì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ṣàìsàn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún sì kú. Ayédèrú òde òní kì í sábà pani. Òróró olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n máa ń dà pọ̀ mọ́ èyí tí ó dára. Síbẹ̀, kẹ́ẹ̀gì tí kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni lára kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí a gbé délé.

Ẹ fi owó náà ṣe àkíyèsí. Ó máa ń gbà tó kílò 5 èso tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí lítà kan tó jáde, kí a má tíì sọ owó àwọn tí ó ká a. Owó gọbọi kò fi dandan túmọ̀ sí òróró rere, ṣùgbọ́n extra virgin tí owó rẹ̀ bá ti òróró ẹ̀wà sóyà dọ́gba ní ìbéèrè láti dáhùn.

Èdìdì aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò ti Yúróòpù, tí ó ní DOP tàbí PDO lára, fi hàn pé àgbègbè kan pàtó ni wọ́n ti gbin èso náà, níbẹ̀ náà sì ni wọ́n ti fún un. Ó wúlò, ṣùgbọ́n èdìdì kì í darúgbó, òróró ni ó ń darúgbó: ẹ ṣì wo ọjọ́ ìkórè.

Kí ni ó ń ba òróró ólífì jẹ́ gan-an?

Ìmọ́lẹ̀, ooru, afẹ́fẹ́ àti ọjọ́. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ máa ń dìde sí ọ̀rá inú òróró, á máa já a wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí tí òórùn ẹ̀pà àtijọ́ yẹn yóò fi jáde. Ooru ń mú iṣẹ́ yìí yá. Ìmọ́lẹ̀ ni ó burú jù, ìdí rẹ̀ sì wà nínú èròjà tí ń sọ ewé di aláwọ̀ ewé, tí ó wà nínú òróró náà: nínú òkùnkùn kì í pa òróró lára, ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà á, á gba agbára ìmọ́lẹ̀ náà, á sì gbé e lé ọ́síjìn lọ́wọ́ láti fi ba òróró jẹ́. Ẹ wá rí i pé òróró tí ó ní àwọ̀ ewé jù lọ ni ìgò funfun ń ṣe ní ìjàm̀bá jù. Kò sì di dandan kí ó jẹ́ oòrùn tààrà. Iná inú ilé náà ń ṣe iṣẹ́ yìí bí ó bá ń tàn sí i lójoojúmọ́.

Ibo ni ó yẹ kí n gbé e sí nínú ilé?

Inú kọ́bọ́ọ̀dù tí ó ṣókùnkùn, tí ó sì tutù, jìnnà sí ibi ìdáná. Ìwọ̀n ooru 14 sí 18°C ni ó dára jù, ṣùgbọ́n tí ilé yín bá gbóná ju èyí lọ, ẹ wá ibi tí ó tutù jù nínú rẹ̀, tí ooru ibẹ̀ kì í sì í lọ sókè sódò. Ẹ̀gbẹ́ sítóófù, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbé e sí kí ọwọ́ lè tètè tó o, ni ibi tí ó burú jù lọ. Ojú fèrèsé ni ó tẹ̀ lé e.

Ẹ dé e pinpin lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹnu ìdà tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní ìdérí, tí wọ́n ń ki bọ ẹnu ìgò, rọrùn láti lò, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa wọlé tọ̀sán-tòru. Ẹ fọwọ́ kan ẹnu irú rẹ̀ tí ó ti wà lórí ìgò fún oṣù kan, ẹ ó rí i pé òróró ara rẹ̀ ti ń lẹ̀ mọ́ra, tí ó sì ti ń rùn. Gbogbo òróró tí ẹ bá dà jáde ni ó sì ń gba ojú rẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ràn láti lò ó, ẹ máa yọ ọ́ fọ̀, kí ẹ sì rí i pé ó gbẹ kí ẹ tó dá a padà.

Ṣé kí n gbé e sínú fìríìjì?

Kò pọn dandan fún ìgò tí à ń jẹ lọ́wọ́. Á dì, á funfun, ẹ ó sì ní láti dúró kí ó yọ́ kí ẹ tó lè dà á. Dídì náà kò bà á jẹ́. Bí ó bá padà sínú ooru yàrá, á tún mọ́ gaara. Bí ó bá jẹ́ pé ooru pọ̀ gan-an níbi tí ẹ ń gbé, ẹ lè fi àwọn ìgò tí ẹ kò tíì ṣí síbẹ̀, kí ẹ máa yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan gbàgbọ́ pé òróró tí kò bá dì nínú fìríìjì jẹ́ ayédèrú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí òróró ṣe ń dì dá lórí irú èso rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe sẹ́ ẹ. Òróró gidi lè má dì, èyí tí wọ́n lú sì lè dì.

Mo ra agolo lítà 5. Báwo ni kí n ṣe tọ́jú rẹ̀?

Ẹ má ṣe máa bu ú láti inú agolo náà títí tí yóò fi tán, nítorí bí òróró bá ti ń lọ sílẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń pọ̀ sí i lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ẹ bá ṣí i, ẹ rọ gbogbo rẹ̀ sínú àwọn ìgò dúdú kéékèèké tí ẹ ti fọ̀, tí wọ́n sì ti gbẹ pátápátá, kí ẹ kún ọ̀kọ̀ọ̀kan dé ọrùn, kí ẹ dé e. Ìgò kan á wà lórí tábìlì, ìyókù á wà nínú òkùnkùn. Bí ìgò bá sì tán, ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ kí ẹ tó tún rọ òmíràn sí i. Òróró àtijọ́ díẹ̀ tí ó ṣẹ́kù lára ìgò máa ń kó bá tuntun. Kí n sọ tọkàntọkàn, ìgò kékeré ni mo fara mọ́ fún ẹni tí ń dá gbé tàbí ìdílé tí kò pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé agolo ńlá dín owó kù.

Báwo ni ó ṣe lè pẹ́ tó lẹ́yìn tí mo bá ti ṣí i?

Fún búrẹ́dì, ẹ gbìyànjú láti jẹ ẹ́ tán láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Kò ní di májèlé lẹ́yìn ìgbà náà, ó sì lè ṣeé jẹ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìtasánsán tí ẹ torí rẹ̀ sanwó á ti lọ. Ìgò tí a kò ṣí, tí ó wà nínú òkùnkùn àti òtútù, lè dára fún ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀ láti ìgbà ìkórè. Ẹ má ṣe fi òróró dáadáa pamọ́ de àlejò.

Òróró mi ti darúgbó. Ṣé kí n dà á nù?

Bí ó bá kàn ti pàdánù òórùn rẹ̀ ni, ẹ fi dín nǹkan. Bí ó bá ti ń rùn bí ìda tàbí ẹ̀pà àtijọ́, ẹ má ṣe fi sí oúnjẹ mọ́, nítorí iná kò ní bo òórùn yẹn mọ́lẹ̀.

Ṣé mo lè fi aáyù tàbí ewé olóòórùn dídùn sínú ìgò òróró náà?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ra níbí. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí ó lè wà lára aáyù àti ewé tútù, tí kì í fẹ́ afẹ́fẹ́, tí ó sì ń ṣe májèlé tí wọ́n ń pè ní botulinum. Ìsàlẹ̀ òróró ni ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé, bí ooru yàrá bá sì wà níbẹ̀, ó ti rí ilé. Májèlé yìí kò ní òórùn, kò sì ní adùn tí yóò tú u fó. Ó lè sọ iṣan ara di aláìlágbára, ó sì lè pani. Ìwọ̀nba tí ẹ ó jẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni kí ẹ pò. Bí ó bá ṣẹ́kù, kí ó wọ fìríìjì lójú ẹsẹ̀, kí ó má sì ju ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Fífi aáyù tútù ra ara búrẹ́dì yíyan kí a tó da òróró lé e dára ju gbogbo èyí lọ, kò sì léwu.

Báwo ni kí n ṣe jẹ òróró náà pẹ̀lú búrẹ́dì kí adùn rẹ̀ lè jáde?

Ẹ jẹ́ kí búrẹ́dì gbóná díẹ̀, nítorí ooru rẹ̀ ni yóò gbé òórùn òróró sókè wá bá imú. Bí ẹ bá yan án, ẹ da òróró sí i bí ó ti ń kúrò lórí iná, nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì le tí inú rẹ̀ sì rọ̀, kí ẹ wá fi iyọ̀ díẹ̀ wọ́n ọn lẹ́yìn òróró, kì í ṣe ṣáájú. Iyọ̀ tí kò kúnná ni ó dára jù. Ní Tuscany ní Ítálì, níbi tí wọn kì í fi iyọ̀ sí búrẹ́dì tí wọ́n ń ṣe, irú búrẹ́dì yíyan báyìí, pẹ̀lú aáyù àti òróró tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ni wọ́n fi ń tọ́ ìkórè ọdún tuntun wò. Fettunta ni wọ́n ń pè é.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ máa ki búrẹ́dì bọ̀ ọ́, abọ́ pẹlẹbẹ kékeré ni kí ẹ lò, kí ẹ sì dà á níwọ̀nba ní àsìkò tí ẹ bá ti jókòó. Òróró tí ó tẹ́ sílẹ̀ nínú abọ́ fún wákàtí púpọ̀ ti gba ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ tó. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù nínú abọ́, tí èérún búrẹ́dì sì ti wọ̀, kò gbọ́dọ̀ padà sínú ìgò. Ẹ dà á sínú ìkòkò ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà.